Àwọn Àna Wa Bá Wa Lẹ́nu Ìdánwò

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìfẹ́ kò lè ti inú kíláàsì orí íńtánẹ́ẹ̀tì wá, ẹ ní kó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi. Kọ́tìnì ni mò ń tà, àga àlejò kì í sì í wọ́n mi. Èmi ni alárinà ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí. N kò tọrọ iṣẹ́ náà, àmọ́ nígbà tó já lé mi lọ́wọ́, mo ṣe é débi pé ó ń ya èmi alára lẹ́nu.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni ọmọbìnrin tí ọ̀rọ̀ náà dá lé. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí kò tíì lè dá bàtà ara rẹ̀ wọ̀, èmi ni mo sì tọ́ ọ dàgbà nínú ilé bàbá rẹ̀. Akọ̀wé là ń pè é nílé, nítorí pé òun ló ń gba orúkọ àwọn aláìsàn sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn ojú kan. Ó ti pẹ́ tó ti ń jókòó sẹ́yìn tábìlì yẹn, tó ń wo àwọn tó kéré sí i lọ́jọ́ orí bí wọ́n ṣe ń di ọ̀gá lé e lórí nítorí pé wọ́n ní ìwé ẹ̀rí. Lọ́jọ́ kan, ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi láìkí mi, ó fa àga, ó jókòó.

"Àǹtí, mo ti rí yunifásítì tó máa gbà mí. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni. Mi ò ní fi iṣẹ́ sílẹ̀ rárá."

"Bàbá rẹ ńkọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ máa bá mi sọ fún wọn."

Ẹ ò rí nǹkan? Kí n tó di alárinà ọkọ, alárinà ilé-ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ fi mí ṣe.

Ọ̀gá ilé-ìwé ni ẹ̀gbọ́n mi kó tó fẹ̀yìn tì. Títí di òní olónìí, bó bá kọjá níwájú àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò, wọ́n á na ẹ̀yìn wọn ró láìmọ ohun tó fà á. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún un, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀, bí ẹni pé èmi ni kò ríran dáadáa.

"Ilé-ìwé tí kò ní ògiri," ó ní. "Tíṣà tí kò lè mọ̀ bí ọmọ bá ń sùn. Àbúrò mi, ta ló ń tàn yín jẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ yìí kì í ṣe ọmọdé mọ́."

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó ti wà nílé ọkọ. Àmọ́ ẹ máa ṣe eré yín lọ. Ó ṣáà ń ṣiṣẹ́."

A gbà pé àṣẹ nìyẹn, a ò dúró kó tún ọ̀rọ̀ náà sọ.

Kí yunifásítì náà tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ gan-an, wọ́n ní kíláàsì ìmúrasílẹ̀ kan tí gbogbo wọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe, ìdánwò sì wà ní ìparí rẹ̀. Ẹni tó bá yege á wọlé. Ẹni tí kò bá yege, tàbí tí kò bá yọjú, á dúró di ọdún tó ń bọ̀. Obìnrin kan ni tíṣà wọn, ohùn rẹ̀ jọ ti ẹni tó ti tọ́ ọmọ púpọ̀. Mo máa ń gbọ́ ọ láti ìdí ìlẹ̀kùn. Ó ní kí oníkálùkù wá ibì kan nínú ilé tí kò ní ṣe nǹkan mìíràn níbẹ̀ ju ìwé kíkà lọ. Akọ̀wé gbé tábìlì sí igun yàrá rẹ̀, mo sì gé kọ́tìnì aláwọ̀ ewé kan fún un tó fi pín igun náà sọ́tọ̀. Ó ní kí wọ́n sọ wákàtí ẹ̀kọ́ wọn fún ará ilé kí ẹnikẹ́ni má bàa dà wọ́n láàmú. Akọ̀wé sọ fún wa, wákàtí yẹn gan-an sì ni ẹ̀gbọ́n mi yàn láti máa pè é pé kó wá bá òun wá awò ojú òun, nígbà tí awò wà lójú rẹ̀. Tíṣà náà tún ní fídíò wíwò nìkan kì í ṣe ìwé kíkà, pé kí wọ́n wò ó tán, kí wọ́n pa á, kí wọ́n wá fi ẹnu ara wọn sọ ohun tí wọ́n gbọ́.

Èyí tó dá gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ni pé ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹnì kejì, ẹni tí yóò máa bi í léèrè pé, "Kí lo kà? Ṣàlàyé rẹ̀ fún mi." Nínú gbogbo kíláàsì náà, ẹnì kan ṣoṣo ló tún ń gbé ìlú tiwa. Ọkùnrin ni.

Àárọ̀ ló kọ́kọ́ pè. Mo wà nínú yàrá náà, mò ń ká aṣọ.

"Ẹ káàárọ̀ mà," ó ní.

"Ẹ má pè mí ní mà," Akọ̀wé dáhùn. "Akẹ́kọ̀ọ́ lèmi náà. Kí lẹ kà?"

"Mo ka ojú ìwé méjì. Oorun ló ka ìyókù."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín tó máa ń rín fún àwọn aláìsàn, ẹ̀rín gidi ni, èyí tó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ kẹ́yìn. Mo tún aṣọ kan náà ká lẹ́ẹ̀mejì kí n lè dúró síbẹ̀.

Oníbúrẹ́dì ni ọkùnrin náà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àárọ̀ ló máa ń pè, nígbà tí búrẹ́dì bá wà nínú ààrò tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀. Ètò òwò ló fẹ́ kọ́, Akọ̀wé fẹ́ kọ́ ètò ìlera. Tíṣà ní kí wọ́n máa pe ara wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àmọ́ kò pẹ́ tó fi di ojoojúmọ́. "Ẹ" di "o". Ìwé náà ni wọ́n ń kà o, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Bí ọ̀kan kò bá lè ṣàlàyé ohun tó kà, èkejì á ní kó padà lọ kà á. Àmọ́ tí ìwé bá parí, fóònù kì í parí.

Ohun kan ṣoṣo ló ń kọ mí lóminú. Ọkùnrin náà kì í tan kámẹ́rà. Ó ní inú yàrá tí wọ́n ń kó fúláwà sí lòun ti ń pè, pé ibẹ̀ ṣókùnkùn.

"Àǹtí," Akọ̀wé bi mí lọ́jọ́ kan, "tó bá jẹ́ pé ó ti níyàwó ńkọ́?"

"Bi í."

"Ṣé wọ́n máa ń bi èèyàn bẹ́ẹ̀?"

"Ṣé orin ni wọ́n máa ń fi bi í ni? Pè é, kí o bi í."

Ó bi í. Ọkùnrin náà ní òun kò níyàwó, òun kò sì ní àfẹ́sọ́nà, pé bí Akọ̀wé bá fẹ́ rí òun lójúkojú, kó wá sí ilé búrẹ́dì ní ọ̀sán ọjọ́ tí ìyá òun kì í sí nílé. Mo fura sí apá tó kẹ́yìn yẹn, àmọ́ mo fi sínú. Mo ní, "A ó lọ." Akọ̀wé ní, "Àwa ta ni?" Mo ti ń wọ bàtà.

Ilé búrẹ́dì náà gbóná bí ẹ̀yìn ẹni tó sun oorun ọ̀sán. Wọ́n ti kó búrẹ́dì tọjọ́ yẹn jáde, ìyókù òórùn rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ó mú wa wọ yàrá fúláwà. Àpò wà níbẹ̀ tó ga dé àjà, ní àárín wọn, ó gbé pákó kan lé orí agolo bọ́tà ńlá méjì, ibẹ̀ sì ni ó ti ń kàwé. Fèrèsé kékeré kan ló wà lókè. Òótọ́ ló sọ, ibẹ̀ ṣókùnkùn.

"Ẹ má jókòó síbẹ̀ mà, fúláwà wà níbẹ̀," ó ní, nígbà tí mo ti jókòó tán. Síkẹ́ẹ̀tì dúdú ni mo wọ̀.

Ọkùnrin gíga ni, apá rẹ̀ le, kò sì lè gbé ojú sókè wo Akọ̀wé. Akọ̀wé náà ń ka àpò fúláwà. Àwọn tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ayékòótọ́ lórí fóònù wá dákẹ́ sí mi lọ́rùn, mo wúkọ́.

"Kí lẹ kà?" ni mo bi wọ́n.

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, ara sì tù wá. Kí a tó kúrò níbẹ̀, mo ti rí ohun tí mo wá wò. Nígbà tí Akọ̀wé ń sọ̀rọ̀, ọkùnrin náà ń fetí sílẹ̀, kò kàn dúró de ìgbà tó máa kan òun. Irú wọn kò pọ̀.

Ibẹ̀ náà ló ti sọ fún wa pé ìyá òun kò mọ̀ pé òun ń kàwé. Ọdún kìíní ló wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ìyá rẹ̀ sì ní kó wálé wá di iṣẹ́ mú. Ó wá. Láti ìgbà náà, bí ìyá rẹ̀ bá gbọ́ "ilé-ìwé", ohun tó máa ń gbọ́ ni pé ọmọ òun fẹ́ sá lọ.

"Ṣé o fẹ́ sá lọ ni?" Akọ̀wé bi í.

"Rárá. Mo fẹ́ kí iṣẹ́ yìí tóbi ni. Agbára nìkan ni mo fi ń ṣe é báyìí, mi ò mọ ọgbọ́n rẹ̀."

Nígbà tó di oṣù kejì lẹ́yìn ìyẹn, ọkùnrin náà ní òun fẹ́ fẹ́ Akọ̀wé. Akọ̀wé ní kó jẹ́ kí òun rò ó. Ó wálé wá bá mi, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Àǹtí, mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mo máa ń jí kí aago tó dún. Àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí. Ẹni tó ń fi ilé-ìwé tara rẹ̀ pamọ́, ọjọ́ wo ló máa dúró ti tèmi? Tí ìyá rẹ̀ bá ní kí n fi ìwé sílẹ̀, ṣé ó máa lè sọ̀rọ̀?"

"Sọ bẹ́ẹ̀ fún un."

Ó sọ ọ́. Ó ní òun gbà láti fẹ́ ẹ, bó bá lè sọ òótọ́ fún ìyá rẹ̀ kí ẹbí méjèèjì tó pàdé, pé bí kò bá sọ ọ́, kó máa lọ ní àlàáfíà, òun kò ní bínú. Ọkùnrin náà ṣèlérí. Bí mo ṣe di alárinà nìyẹn.

Ilé wa ni mo ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ tán, ó rín ẹ̀rín ẹlẹ́yà.

"Ilé-ìwé orí fóònù, ọkọ orí fóònù. Ọmọ orí fóònù ló kù. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àbúrò mi! Bàbá wa kò kọ́ wa báyìí."

"A ti rí i lójúkojú. Ọmọ dáadáa ni."

"Wọ́n jọ ń kàwé, àbí? Jẹ́ kí n sọ fún ọ. Nínú ẹni méjì tó bá ń kàwé pọ̀, ẹnì kan ló ń kà á, ẹnì kejì ń wò ó kọ. Gbogbo ayé mi ni mo fi ṣọ́ ìdánwò, mo mọ̀ wọ́n láti ẹ̀yìn orí. Kí wọ́n wá. Mi ò sọ pé mo gbà o. Kí wọ́n wá kí n rí wọn."

Mo gbéra, mo lọ bá ìyá ọkùnrin náà. Obìnrin kúkúrú ni, ohùn rẹ̀ ló ga. Ó fún mi ní àga, ó fún mi ní búrẹ́dì gbígbóná, ó wá bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́.

"Mo ti gbọ́ pé ọmọ yín níwà. Mo sì gbọ́ pé ó fẹ́ wọ ilé-ìwé. Ìyá mi, ẹ dákun, ìyàwó tó ń lọ ilé-ìwé, ìgbà wo ló máa rí tiwa rò? Èmi àti ọmọ mi la jọ di ibí yìí mú láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti lọ. Ọmọ mi kì í ṣe oníwèé, ara ààrò ni. Màá wá wo ọmọ yín. Bí ọkàn rẹ̀ bá wà nílé, a ó sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ inú ìwé ló wà, màá padà sẹ́yìn, kò sì ní sí ìjà."

"Ọmọ mi kì í ṣe oníwèé." Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ọkùnrin náà kò tíì sọ nǹkan kan. Kì í ṣe èmi ló ni àṣírí náà, mo bá ń jẹ búrẹ́dì mi lọ. Nígbà tí mo fi ojú wá ọkùnrin náà, ó ti kọjú sí ààrò.

A dá ọjọ́ Sátidé. Ọjọ́ ìdánwò wọn náà ni, àmọ́ aago méjì ni wọ́n kọ síbẹ̀, èmi sì ní kí àwọn àlejò wá ní aago mẹ́wàá àárọ̀, kí wọ́n ti máa lọ sílé kí ọ̀sán tó pọ́n. Inú mi dùn sí ètò yìí gan-an, mo tiẹ̀ yin ara mi. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rò ni pé ilẹ̀ mìíràn ni yunifásítì náà wà, níbi tí oòrùn ti ń yọ ṣáájú tiwa. Fídíò ni gbogbo ẹ̀kọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, tí kálukú ń wò nígbà tó bá wù ú. Ìdánwò yìí ni ohun àkọ́kọ́ tí gbogbo wọn máa jọ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, a sì fi aago ògiri ilé wa ka aago ilẹ̀ onílẹ̀.

Wọ́n dé lásìkò. Ìyá Oníbúrẹ́dì ló ṣáájú, àbúrò bàbá ọkùnrin náà tẹ̀ lé e, bàbá jẹ́jẹ́ kan tó fẹ́ràn bísíkíìtì, ọmọkùnrin náà ló kẹ́yìn pẹ̀lú bàtà tó ń dán. Ẹ̀gbọ́n mi kí wọn, ó ní kí wọ́n jókòó, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa òjò. Ó sọ̀rọ̀ òjò, ó sọ̀rọ̀ ọ̀nà tó bàjẹ́, ó padà sórí òjò. Kò bi wọ́n ní ohun tí wọ́n bá wá. Èmi mọ̀ pé àmọ̀ọ́mọ̀ṣe ni. Akọ̀wé jáde wá kí wọn, ó jókòó, ó wo ọmọkùnrin náà bí ẹni tó ń béèrè nǹkan. Ọmọkùnrin náà wo ilẹ̀. Kò tíì sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ síbẹ̀.

Ibẹ̀ la wà tí fóònù méjì fi dún lẹ́ẹ̀kan náà, ti Akọ̀wé àti ti ọmọkùnrin náà.

Akọ̀wé wo tirẹ̀, ó dìde láìmọ̀ pé òun dìde. "Aago tiwọn ni," ó ní. "Aago méjì tiwọn ni wọ́n kọ, Àǹtí. Tiwọn! Yàrá ìdánwò ti ṣí. Tó bá pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n máa tì í."

Kí n má purọ́, èmi tí mo yin ara mi ni mo kọ́kọ́ wo aago ògiri.

Ó yíjú sí ìyá ọkùnrin náà. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ìdánwò mi ti bẹ̀rẹ̀."

"Báyìí báyìí? Àwa rèé nínú pálọ̀ yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Tí mi ò bá wọlé báyìí, ó di ọdún tó ń bọ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún yín gan-an, mà. Tí mo bá parí, màá padà wá, màá jókòó títí tẹ́ ẹ bá fẹ́. Àmọ́ mi ò lè ṣaláìlọ."

Kò gbé ohùn sókè, kò sì bẹ̀bẹ̀ jù. Èmi tí mo tọ́ ọ, orí mi wú.

Ìyá náà fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. "Ó dára. Ohun tí mo wá wò, mo ti rí i. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Bàbá oníbísíkíìtì dìde. Ọmọkùnrin náà kò dìde. Ó di fóònù rẹ̀ mú, ó ń wò ó. Akọ̀wé dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn lè fi mí lẹ́ẹ̀kan. Ó ń wo ọmọkùnrin náà. Bó bá jẹ́ èmi ni, ǹ bá ti pariwo. Nígbà tó rí i pé kò gbójú sókè, ó yí padà, ó ń lọ.

"Màmá," ọmọkùnrin náà wí.

"Dìde ká lọ."

"Màmá, èmi náà ni."

"Ìwọ náà kí ni?"

"Èmi náà ní ìdánwò. Kíláàsì kan náà ni wá." Ó dìde wàyí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, àmọ́ ó ń jáde. "Yàrá fúláwà ni mo ti ń kàwé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ó yẹ kí n ti sọ fún yín, ẹ̀rù yín ló bà mí. Mi ò fi yín sílẹ̀, Màmá, mi ò sì ní fi yín sílẹ̀. Àmọ́ mo fẹ́ ka ìwé yìí, mo sì fẹ́ fẹ́ ọmọ yìí, màá ṣe méjèèjì. Tí mo bá jáde, ẹ bínú sí mi bó ṣe wù yín."

Akọ̀wé ti dúró, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí wa, àmọ́ mo rí i tó fi ọwọ́ di ògiri mú.

Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ dìde. N kò tíì rí i kó dìde bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti fẹ̀yìn tì.

"Ìṣẹ́jú mélòó ló kù?"

"Ó lé díẹ̀ ní mẹ́wàá sà," ọmọkùnrin náà dáhùn.

"Kọ̀ǹpútà rẹ dà?"

"Fóònù nìkan ló wà lọ́wọ́ mi sà. Ó lè ṣe é. Àmọ́ kò gbọdọ̀ sí ẹlòmíràn nínú yàrá, kámẹ́rà á máa wò mí. Tí wọ́n bá gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni, wọ́n á pa ìdánwò náà dé."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é?" Ojú ẹ̀gbọ́n mi mọ́lẹ̀ bí ẹni tó rí ará ilé rẹ̀ lójú ọ̀nà àjò. "Ó dára bẹ́ẹ̀. Ó dára gan-an. Ìwọ, wọ yàrá rẹ. Ìwọ, tẹ̀ lé mi."

Yàrá tiẹ̀ ló mú ọmọkùnrin náà wọ̀, yàrá tí èmi àbúrò rẹ̀ kì í wọ̀ láìkanlẹ̀kùn. Ó kó àwọn ìwé ìròyìn kúrò lórí tábìlì, ó fi ìwé atúmọ̀ èdè ńlá kan gbé fóònù náà ró, ó jáde, ó pa ìlẹ̀kùn dé. Ó wá kọjú sí àwa tó kù.

"Ẹ bọ́ bàtà yín. Gbogbo yín pátá." Ó yọ bátìrì aago ògiri. "Madam, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó. Ìdánwò ti bẹ̀rẹ̀."

Ẹ gbà mí gbọ́, obìnrin náà jókòó.

Ṣé ẹ mọ ohun tí wákàtí méjì jẹ́ fún ẹbí méjì tí kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀? Ẹ̀gbọ́n mi fi ìbọ̀sẹ̀ rìn láti ẹnu ìlẹ̀kùn kan dé èkejì, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn. Bàbá oníbísíkíìtì rọra sùn lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun, ìyá ọkùnrin náà sì já a ní èékánná tó fi ta jí bí ẹni tí omi dà lé. Aládùúgbò kan fẹ́ pariwo kí wa láti ẹnu géètì, mo sáré jáde láìwọ bàtà, mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu rẹ̀. Títí dòní ni ó ń bi mí bóyá ara mi yá lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tó yá, mo fi ọwọ́ pe ìyá ọkùnrin náà, a jọ jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Orí àga onígi tí a máa ń sá aṣọ lé la jókòó sí.

"Mo rò pé obìnrin ni," ó ní. "Mo máa ń gbọ́ ohùn ọmọ mi nínú yàrá fúláwà láràárọ̀. Mo ní, ó dára, ó ti rí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. N kò mọ̀ pé ìwé ni."

"Obìnrin náà wà níbẹ̀ o," mo ní.

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, omi ló bọ́ lójú rẹ̀. "Èmi ni mo mú un kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ṣé ẹ mọ̀? Kò ráhùn lọ́jọ́ náà. Ó kàn wọlé, ó wọ aṣọ iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Mo rò pé kò dùn ún."

"Ó ṣeé ṣe kó dùn ún, ìyá mi, àmọ́ kò bínú sí yín. Ohun tẹ́ ẹ nílò ló fi ṣáájú tiẹ̀."

"Kí ló dé tí kò lè sọ fún mi?"

"Ẹ bi í. Àmọ́ ẹ bi í jẹ́jẹ́."

Ó nu ojú rẹ̀. Ó bi mí bóyá ìdánwò náà le. Mo ní n kò mọ̀. Ó ní ọmọ òun kò jẹun láàárọ̀, pé orí rẹ̀ kì í dá ṣáṣá bí kò bá jẹun. A wá jókòó bẹ́ẹ̀, àwa ìyá méjì, à ń dààmú nítorí ìdánwò tí a ò mọ orúkọ rẹ̀.

Akọ̀wé ló kọ́kọ́ jáde, ojú rẹ̀ balẹ̀. Ọmọkùnrin náà jáde lẹ́yìn rẹ̀, ó ti làágùn. Ẹ̀gbọ́n mi dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì.

"Báwo ló ṣe lọ?" ó bi ọmọkùnrin náà.

"Ìbéèrè kan wà tí mi ò mọ̀ sà."

"Kí lo kọ síbẹ̀?"

"Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ sà."

"O fi í sílẹ̀. Ẹni tí ẹ jọ ń kàwé wà nínú yàrá kejì. Ògiri kan ṣoṣo ló là yín láàárín."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Àmọ́ tèmi ni ìdánwò náà."

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìbéèrè wo ni?"

Ọmọkùnrin náà sọ ọ́. Akọ̀wé ya ẹnu, ó fẹ́ dáhùn, bàbá rẹ̀ gbé ọwọ́ sókè.

"Má sọ fún un. Kó lọ wá a fúnra rẹ̀."

Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti gbà fún un. Àwọn tó bá ń ṣàníyàn, èsì jáde lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì sì wọlé. Àmọ́ kò sí ẹni tó mọ ìyẹn lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, kò sì dí wa lọ́wọ́.

Gbogbo wa padà sí pálọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wọ bàtà rẹ̀, ó de bọ́tìnì ọrùn rẹ̀, ó jókòó sórí àga rẹ̀ gan-an, kò sì sọ̀rọ̀ òjò mọ́.

"Ẹ̀yin àlejò wa," ó ní, "a kí yín káàbọ̀. Kí lẹ bá wá sílé wa?"

Bàbá oníbísíkíìtì gbọn aṣọ rẹ̀, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìyá ọkùnrin náà di apá rẹ̀ mú.

"Ẹ jẹ́ kí ọmọ mi fúnra rẹ̀ sọ ọ́," ó ní. "Ó jọ pé ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀."

Ọmọkùnrin náà wo ìyá rẹ̀, ó wo ẹ̀gbọ́n mi. "Ọmọ yín ni mo wá tọrọ sà. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Inú mi á dùn tó bá lè fẹ́ mi bí mo ṣe wà, pẹ̀lú ìwé mi àti búrẹ́dì mi."

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí Akọ̀wé. "O gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá. Mo gbà."

Wọ́n máa ń sọ pé bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárinà á yẹ̀bá. Gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn tí mo ti kó jọ láti ọjọ́ yìí wá, kò sí ẹni tó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo gbé wọn mì, mo sì ń sunkún bí ọmọ tuntun.

Ìyá ọkùnrin náà dìde. Ó rìn lọ bá Akọ̀wé níbi tó jókòó sí, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ìyàwó mi," ó ní, "ìgbà wo lẹ tún ní ìdánwò, kí n tó dá ọjọ́ ìgbéyàwó?"

Akọ̀wé tí kò sunkún látàárọ̀ fi orí lé èjìká obìnrin náà, ó sì bú sẹ́kún.